Àwọn Fíìmù Ọba àti Jagunjagun tí Mo Wò ní Ìsinmi Kérésìmesì

Ní ìsinmi Kérésìmesì tó kọjá, ọ̀pọ̀ alẹ́ ni mo fi wo fíìmù ní ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn tó dá lórí ọba, ìjòyè àti jagunjagun, nítorí pé irú wọn ni àwọn onífíìmù wa ń náwó lé lórí jù láti bí ọdún mélòó kan. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá nínú wọn: mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwà ẹ̀dá ló ń ti ìtàn náà síwájú, tàbí oògùn. Èrò tèmi ni pé níbi tí oògùn bá ti gba ipò ìwà, fíìmù náà lè dùn ún wò, ṣùgbọ́n kì í sí ohun tí a ó jiyàn lé lórí nígbà tí a bá pa tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ iyàn yẹn gan-an ni adùn fíìmù nínú ilé tí èrò pọ̀ sí bíi tiwa.

Aníkúlápó ni a kọ́kọ́ wò, èyí tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní 2022. Ìtàn Sàró ni, ọ̀dọ́mọkùnrin ahunṣọ òfì tó wá ṣe àtìpó ní Ọ̀yọ́, tí Awarun, obìnrin olówó, gbà mọ́ra, tó sì tún lọ kó sínú ìfẹ́ Arọ́lákẹ́, olorì kékeré. Wọ́n lù ú pa, ẹyẹ àkàlà jí i dìde, agbára láti jí òkú, tó wà nínú àdó kan, sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn ọmọ àbúrò mi gbà pé ẹyẹ náà ni olórí ọ̀rọ̀, èmi kò sì gbà fún wọn. Ohun tó wà nínú àdó náà kò sọ Sàró di ẹni tí kò jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí; kí àkàlà tó fojú kàn án rárá ló ti jẹ́ ẹni tí oore kì í pẹ́ lára rẹ̀. Agbára náà kàn fún ìwà rẹ̀ láàyè láti gbilẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ibi tó ti ní àfi kí wọ́n fún òun ní ọmọbìnrin ọba kí òun tó jí àrẹ̀mọ dìde fi bà mí nínú jẹ́ ju ibi tí wọ́n ti ń lù ú nínú igbó lọ. Bimbo Ademoye, tó ṣe Arọ́lákẹ́, kò fọhùn púpọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́ lọ, síbẹ̀ a rí ìgbà tí sùúrù tán lójú rẹ̀. Ní ti Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé tó ṣe Awarun, àwọn àgbà obìnrin ilé wa ń bá a wí bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn. Bí mo bá ní ẹ̀sùn kan, òun ni pé àárín eré náà gùn ju bó ti yẹ lọ.

Jagun Jagun ti 2023 ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù. Aṣọ dára níbẹ̀, ogun gbóná, Fẹ́mi Adébáyọ̀ sì kún ojú nínú ipò Ògúndìjì, balógun tó máa ń fi ogun ṣòwò, tó ń bá àwọn tó fẹ́ jọba gba ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo rí nínú ọkùnrin yìí: ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ogun sílẹ̀, ó wá ń bẹ̀rù akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ jù. Mo fẹ́ jókòó ti ẹ̀rù yẹn, kí n mọ bó ṣe ń jẹ ẹ́ lóru, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ dé ibẹ̀ ni ìjà mìíràn ń bẹ́ sílẹ̀. Gbọ̀tíjà, akẹ́kọ̀ọ́ náà, tí Lateef Adédiméjì ṣe, ní agbára tí igi fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Nígbà tí igi sì ti ń jà fún un, ẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí i kò bà mí mọ́.

House of Ga'a, tó jáde ní 2024, kò ní gbà mí lákòókò. Femi Branch gbìyànjú gidigidi nínú ipò Baṣọ̀run Gáà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbọ́ ìtàn Agbọ̀nyìn, ọmọbìnrin Aláàfin tí Gáà pa, lẹ́nu àgbà rí yóò rí i pé fíìmù náà ń sáré kọjá níbi tó yẹ kó dúró.

Ẹlẹ́ṣin Ọba ló dá iyàn gidi sílẹ̀. Bíyí Bándélé ló darí rẹ̀ láti inú eré tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975; ikú sì mú Bándélé lọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, kí wọ́n tó fi fíìmù náà han gbogbo ayé ní Toronto ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọba wàjà, ó sì yẹ kí Ẹlẹ́ṣin, ìjòyè rẹ̀, kú láti bá a lọ, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fẹ́ ìyàwó tuntun ní ọjọ́ tó yẹ kó kú, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sì wá dí i lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ kan nínú wa ní òyìnbó ló ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, bi í pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òyìnbó ló ní kó gbé ìyàwó lálẹ́ ọjọ́ náà ni?” Ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé náà pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di ìjà àṣà méjì. Ọwọ́ Ẹlẹ́ṣin ti ń fà kí òyìnbó tó dé, ọmọ rẹ̀ Ọlúndé ló sì san gbèsè náà. Ọdúnladé Adékọ́lá, ọmọ Ọ̀tùn-Èkìtì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí aláwàdà, ló ṣe Ẹlẹ́ṣin. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu, ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín ọjà, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Apá tí àwọn òyìnbó ti ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn nìkan ló gan, tí kò rọ̀ mọ́ ìyókù.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀ wọ́n kí a padà sí Saworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999, ọdún tí ìjọba ológun parí, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ọmọdé ráhùn pé àwòrán rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó. Oògùn wà nínú èyí náà: ìlù kan, adé idẹ kan, àti májẹ̀mú tó so ọba Jogbo mọ́ ìlú, débi pé ẹni tó bá dé adé láìgba gbẹ́rẹ́ yóò kú bí wọ́n bá lu saworoidẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n fi oògùn náà sí. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, mọ májẹ̀mú náà ní àmọ̀dunjú. Ó kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ nítorí pé ó ti mọ ohun tí òun fẹ́ jẹ nínú ìlú kí ó tó gun orí ìtẹ́. Láti ìgbà náà lọ, igi gẹdú tí wọ́n ń gé lọ, owó tí àwọn ìjòyè ń pín, àwọn ọ̀dọ́ tó dìde, títí dé orí Lágàtà, sójà tó gba ìjọba, kò sí èyí tó nílò idán kankan. Ìparí ni ìlù náà tó ṣiṣẹ́, Lágàtà tó rò pé ìbọn ti tó ni ó sì pa. Bàbá Ọ̀pálábá, tí olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, ń rìn gba inú gbogbo rẹ̀ kọjá, ó ń fi orin àti òwe sọ ohun tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù láti sọ. N kò rí fíìmù olówó ńlá kankan nínú àwọn tuntun tó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ń dùn mí nínú gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Èkìtì. Bí kò bá ṣe Ọ̀yọ́, ìlú tí a fọkàn dá ni, èdè ibẹ̀ yóò sì jọ ti Ọ̀yọ́. Ogun Kírìjì, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àdéhùn àlàáfíà 1886 kò tú àwọn ọmọ ogun ká títí di 1893, síbẹ̀ n kò tíì rí fíìmù tó tó àwọn tí mo dárúkọ yìí lórí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé, àwọn jagunjagun tó ṣáájú ogun náà. Bí ẹnikẹ́ni bá máa ṣe é, kí apá tó gùn jù nínú rẹ̀ jẹ́ ìjókòó àwọn ìlú tí wọn kò fọkàn tán ara wọn, kí wọ́n tó lè di Èkìtìparapọ̀, ẹgbẹ́ ogun tó dojú kọ Ìbàdàn. Kí ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó kó ránṣẹ́ sí ojú ogun sì hàn ju ońdè àti èéfín lọ, nítorí pé àwọn ìbọn wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Kí wọ́n jẹ́ kí Fábùnmi sọ èdè ìlú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ fún àwọn ará Ọ̀yọ́.