Sọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré: fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó kúrò nílé

Àwọn àbúrò tó ń parí NYSC lásìkò yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá, wọ́n á ní àǹtí, èló lèèyàn gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kó tó lè gba yàrá tiẹ̀ l'Ékòó. Ìbéèrè gidi ni, mo sì máa ń dáhùn ẹ̀ dáadáa torí mo mọ̀ pé 77,000 náírà tí ìjọba ń san fún kọ́pà láti 2025, kódà kéèyàn máa tọ́jú ìdajì ẹ̀ lóṣooṣù, kò lè gbalé fún un. Àmọ́ tí mo bá ti sọ̀rọ̀ owó tán, èmi náà máa ń bi wọ́n ní tèmi. Ṣé o lè sọ fún màmá ẹ pé nǹkan báyìí o, mi ò ní lè ṣe é, kó má di ìjà? Ṣé o lè rán ọ̀rẹ́ ẹ létí owó tó yá lọ́wọ́ ẹ kó o má kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì bínú sí i nínú? Púpọ̀ nínú wọn á dákẹ́. Nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tí dídá gbé ò bá lára mu l'Ékòó yìí, àwọn tówó lé padà sílé bàbá wọn ò tó àwọn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọn ò tètè sọ ló bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ti owó yẹn ká kúrò níbẹ̀. Iye tí onílé bá pe ilé ẹ̀, ẹ má rò pé iye yẹn nìkan lẹ máa san. Éjẹ́ńtì máa gba kọmíṣọ̀n, lọ́yà máa gba owó àgírímẹ́ńtì, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn míì ti ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí, owó kọ́ṣọ̀n tún wà níbẹ̀, ìyẹn tí wọ́n ní àwọn máa dá padà tẹ́ ẹ bá ń kó jáde. Òfin wà o. Òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣe ní 2011 sọ ọ́ gbangba pé onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ẹni tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lè san ìtanràn 100,000 náírà tàbí kó fẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta jura, àfi pé òfin ọ̀hún ò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Síbẹ̀ owó ọdún méjì ni onílé tí mo kọ́kọ́ lọ bá ní kí n mú wá, ó tún ní ọkọ mi dà. Mo ní mi ò tíì lọ́kọ, ó ní òun kì í gba omidan sílé òun, wọ́n máa ń kó ọkùnrin wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Ọmọbìnrin tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, tó fẹ́ fowó ara ẹ̀ sanwó ilé, kí ló kù tó fẹ́ kó ṣe kí wọ́n tó kà á sí èèyàn tó dàgbà?

Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe wá ń pọ̀ tó ń gbé méjì méjì nínú yàrá kan, ẹ má bá wọn wí. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ ò wálẹ̀ mọ́. Oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n tún gbé owó iná lọ sókè fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná á máa wà fún ní ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225 náírà lórí yúnìtì kan. Iná ń wà ládùúgbò wa lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù mítà ló ń bà wá.

Èmi àti ẹni tá a jọ ń gbé, ibi iṣẹ́ la ti mọra. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó san kọ́bọ̀, mo ní ká lọ jókòó ní búkà kan ní Ṣómólú, mo mú bébà àti bírò dání. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ilé ẹjọ́ la fẹ́ lọ ni. Mo ní ká má baà débẹ̀ ni. A kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ta ló ń ra gáàsì, ṣé ìkòkò kan náà la ó jọ máa sè ni àbí kálukú á máa se tiẹ̀, tí ọ̀rẹ́kùnrin ẹnì kan bá wá kí i aago mélòó ló máa lọ, tí mọ̀lẹ́bí bá wá sùn ọjọ́ mélòó ni, ta ló ń fọ balùwẹ̀ lọ́jọ́ wo. Ọ̀rọ̀ iná ló gbà wá lákòókò jù. Òun máa ń ṣiṣẹ́ láti ilé, láptọ́ọ̀pù àti fáànù ẹ̀ wà lórí iná látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èmi kì í sì í sí nílé, ẹni tó bá gbọ́ ọ́ báyẹn á ní kó san jù mí lọ. Ló bá mú fóònù, a jọ ṣe ìṣirò ẹ̀: áyọ́ọ̀nù tí mò ń lò láràárọ̀, tí mo bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ aṣọ, iná tó jẹ tó èyí tí fáànù máa jẹ fún bíi wákàtí mẹ́rin. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò pọ̀ tó bá a ṣe rò, la bá pín in dọ́gba, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò sì tún jẹyọ mọ́ títí dòní torí àwa méjèèjì la rí ìṣirò ẹ̀ lójú ara wa.

Nígbà tó ṣe, ọmọ àǹtí ẹni tá a jọ ń gbé dé láti Adó-Èkìtì, ó ń wáṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni, ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ abọ́, ó ń kí gbogbo ará ilé láàárọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la kọ sínú ìwé. Nígbà tọ́jọ́ mẹ́ta kọjá tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo pe ọ̀rẹ́ mi síta lálẹ́, mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ràn ọmọ yìí, kò sì yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta la sọ. Tó bá máa pẹ́ sí i, jẹ́ ká tún un sọ." Ó ní òun náà ti ń wá bóun ṣe máa gbé e kalẹ̀, ojú ló ń ti òun. A ní kọ́mọ náà dúró títí oṣù á fi parí, kóun náà dá sówó iná. Ó tán. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán apá ò ní ká a mọ́. Ṣé ẹ mọ bí ìrókò yẹn ṣe máa ń rí nínú yàrá àwọn ọ̀dọ́ tá ò bá sọ̀rọ̀? Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú mílíìkì ẹ̀ sínú àpótí aṣọ, á máa ti ilẹ̀kùn gbàgà, á wá lọ kọ ọ́ sórí WhatsApp status pé àwọn kan ò mọ̀wọ̀n ara wọn, ẹni tó ń bá wí sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lápá kejì tó ń kà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá ti ń kọ ọ̀rọ̀ sí status fún ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú yàrá, ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ jù nílẹ̀.

Ti màámi le ju ti ọ̀rẹ́ mi lọ. Ní Òṣogbo lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin máa ń ti ilé bàbá ẹ̀ bọ́ sílé ọkọ ni, wọn ò mọ èyí tó wà láàárín. Wọ́n á pè mí láàárọ̀, wọ́n á pè mí lọ́sàn-án, tí mi ò bá gbé e lálẹ́ wọ́n á pe àbúrò mi pé kó wá mi kàn. Àwọn ọ̀rẹ́ kan ní kí n máa pa fóònù, pé wọ́n á mọ́ra tó bá yá. Mi ò gbà. Ìyá tí ọmọ ẹ̀ wà l'Ékòó tó ń gbọ́ ìròyìn ajínigbé àti one chance lórí rédíò, ìbẹ̀rù ẹ̀ kì í ṣe àṣejù rárá. Mo délé lópin ọ̀sẹ̀ kan, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Mọ́mì mi, ẹ ẹ̀ ní máa wá mi mọ́. Alaalẹ́ tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ni n ó máa fi vóòsì ránṣẹ́ sí yín, ọjọ́ Sunday tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé la ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Nọ́ńbà ìyàwó onílé wa rèé, nọ́ńbà ẹni tá a jọ ń gbé náà rèé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pè mí níbi iṣẹ́, mi ò ní lè gbé e." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ṣé èmi ni mò ń pàṣẹ fáwọn báyìí. Mo ní rárá mà, ọkàn yín ni mo fẹ́ kó balẹ̀. Wọ́n bínú díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n wá rí i pé vóòsì ń wọlé lálaalẹ́ lóòótọ́, ìpè ọ̀sán dẹ́kun. Ìgbà tí wọ́n wá kí wa, èlùbọ́ àti ata gígún tí wọ́n gbé wá, ti èmi àti ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n pín in sí.

Ti owó ilé náà, bákan náà ni mo ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àkọ́bí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Gbàrà tówó oṣù bá ti wọlé ni gbogbo ilé máa ń mọ̀ bí ẹni pé báǹkì lọ fi tó wọn létí, fíìsì àbúrò, oògùn dádì, aṣọ ẹbí. Mo sọ iye tí n ó máa fi ránṣẹ́ lóṣù fún bàbá mi, mo sọ iye tí mò ń gbà àti ibi tó ń lọ fún wọn pẹ̀lú, mi ò fi nǹkan kan pamọ́, mo ní tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ n ó máa sọ pé kò sí, kí wọ́n má bínú sí mi. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan títí a fi jẹun tán. Wọ́n wá ní, "Ó dáa, a ti gbọ́. Má ṣáà lọ jẹ gbèsè torí tiwa." Mo mọ ilé tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti di ariwo, tí wọ́n ní ọmọ ti ń gbéra ga. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Kódà tó bá ṣẹlẹ̀, ó sàn ju kó o lọ yáwó lórí áàpù kó o lè máa ṣe bí ẹni tó rí towó ṣe.

Ẹ sá fún áàpù wọ̀nyẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọkùnrin kan nílé wa yáwó níbẹ̀, nígbà tí kò tètè san án, wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù ẹ̀ pé olè ni, títí kan ìyá àfẹ́sọ́nà ẹ̀. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní 2022 pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀, Google náà sì ní láti 2023 áàpù ayánilówó ò gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò tó wà lórí fóònù èèyàn mọ́, àmọ́ àwọn tí ò forúkọ sílẹ̀ ò lọ síbì kankan. Àjọ ni tèmi. Àwa kan níbi iṣẹ́ là ń dá a lóṣooṣù, ẹni tó bá sì mọ̀ pé oṣù yìí máa le fún òun máa ń tètè wí kó tó dọjọ́ tá a ń kó o, ẹlòmíì á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó bá ní kí n ṣe urgent 2k fóun, tí mo bá ní i mo máa ń fún un, mi ò ní pè é ní yíyá. Tówó bá ti tóbi ju ohun tí mo lè fi tọrẹ lọ, màá bi í lọ́jọ́ yẹn gan-an pé ọjọ́ wo lò ń dá a padà, màá sì kọ ọjọ́ náà sí WhatsApp fún un kí àwa méjèèjì jọ máa rí i.

Ó wá ku ti ìfẹ́, ibi tójú máa ń ti àwọn ọ̀dọ́ jù nìyẹn. Ẹ bèèrè jínótáìpù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara yín ní báébì. Orílẹ̀-èdè wa ni àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ sí jù lágbàáyé, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó lè fi í ran ọmọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe é, AS méjì tó bá sì fẹ́ra, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tí àìsàn náà ń ṣe. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọkùnrin náà fẹ́ràn ẹ̀, ẹbí méjèèjì ti mọra, wọ́n ti ń wo aṣọ, kí wọ́n tó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì tí ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n ṣe. Ẹni tí mò ń fẹ́ báyìí, ọjọ́ tá a kọ́kọ́ jókòó jẹun ni mo bi í, ó ní AA lòun, mo ní èmi AS, mo ní ó dáa, àmọ́ a jọ máa lọ ṣe é ní ilé ìwòsàn kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. A lọ. Kò bínú, ó tiẹ̀ ní òun ti ń wá bóun ṣe máa bi mí.

Ẹni tá a jọ ń gbé máa ṣègbéyàwó lóṣù Kejìlá, owó ilé ọdún yìí ò sì ní tíì parí nígbà yẹn. A ti tún jókòó. Èmi ni n ó dúró sílé, n ó máa dá apá tiẹ̀ tó kù padà fún un díẹ̀díẹ̀ títí dé oṣù Kẹta. Ó ní kí n mú fíríìjì, òun máa kó sílíńdà gáàsì lọ. Ọmọ àǹtí ẹ̀ ti ríṣẹ́ sí Ìyánà-Ìpájà, ó ti ní kí n má wá ẹlòmíì, òun fẹ́ wá máa bá mi gbé. Mo ti sọ fún un pé kó wá lọ́jọ́ Saturday, kó mú bírò dání.