Obìnrin ni mò ń dà

Oorun ò kùn mí rárá. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ikọ́ tí oògùn ọkàn kan ń fà fún ọkọ mi ti lọ o, kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn tó yín létí. Láti ọjọ́ tí dókítà ti yọ lisinopril kúrò tó fi losartan rọ́pò rẹ̀, Bàbá Dámọ́lá ń sùn mọ́jú. Mo ti ń dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ oògùn ti rọlẹ̀ nílé yìí.

Láàárọ̀ yìí ni mo gbé ògì bọ̀ láti ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn yàrá ò pa dé tán, wọ́n ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Àwọn oògùn yìí ti fẹ́ sọ mí di obìnrin." Ó jọ pé ẹni tó wà lọ́hùn-ún rẹ́rìn-ín, torí wọ́n tún un sọ, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. "Mi ò ṣeré. Obìnrin ni mò ń dà."

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ojú ògì fi dì.

Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo gbé ògì fún wọn, mo kó oògùn àárọ̀ síwájú wọn, carvedilol, Lásísì, losartan, spironolactone, aspirin kékeré. Wọ́n ní, "O ṣeun, Ìyá Dámọ́lá." Mo lọ sí Bódìjà, mo ra tàtàsé àti ẹja, òjò pa mí bọ̀, iná ò sí. Gbogbo ọjọ́ mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé kiri.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni. Tí wọ́n bá ti lo Lásísì láago méje, wọn ò lè jìnnà sí balùwẹ̀ títí aago mọ́kànlá á fi lù, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti lọ sípàdé ẹgbẹ́ gbẹ̀yìn. Mo tún rò ó sí ọ̀rọ̀ àárín lọ́kọláya. Ìyẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ń lo irú oògùn yìí, ó yé yín.

Ká sòótọ́, ó dùn mí. Kí ló dé tó jẹ́ obìnrin ni ọ̀rọ̀ tó wá sí wọn lẹ́nu nígbà tí ara ò dá? Obìnrin yìí náà ló ń jí lóru láti di ọrùn ọwọ́ wọn mú, tó ń fojú sí aago, tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, tó bá ti ń sún mọ́ 50 ní ìṣẹ́jú kan tí àyà tirẹ̀ á já. Ẹni ọdún 76 ni wọ́n, èmi 61. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ọjọ́ báyìí ń bọ̀, mo sì wọlé wọn. Kí ló wá burú nínú obìnrin?

Àmọ́ ohùn yẹn. Ọdún 37 ni mo ti ń gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Ibi tí mo ti ń yọ èso inú tàtàsé ló ti wá sí mi lọ́kàn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń rí wọn tí wọ́n máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo àyà òsì tí wọ́n bá fẹ́ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìgbàkígbà tí mo bá ti rí i, ẹsẹ̀ mi á gbọ̀n. Mo á ní, "Ṣé àyà ń dùn yín ni?" Wọ́n á ní rárá. Mo rò pé wọ́n ń parọ́ fún mi kí n má bàa páyà. Wọn ò parọ́. Àyà kọ́ ló ń dùn wọ́n.

Mo pe ọmọ wa obìnrin, èyí tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester. N kò tíì sọ ọ́ tán tó fi ní, "Màmá mi, spironolactone ni." Ó ní oògùn yẹn ń dènà ohun tó ń mú kí ara dá iyọ̀ àti omi dúró, ìyẹn ló fi ń dín iṣẹ́ kù fún ọkàn tó ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í mọ síbẹ̀, ó tún ń dí ọ̀nà mọ́ ohun tó ń ṣiṣẹ́ akọ nínú ara ọkùnrin. Ọmú á wú, á máa dùn. Ó ní nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 1999, ọkùnrin 10 nínú 100 tó lò ó ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo, èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, ẹyọ 1 péré nínú 100 ni. Ìwádìí yẹn kan náà ló fi hàn pé ikú dín kù ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 láàárín àwọn tó lò ó.

Kí ni kí n wá fi ìyẹn ṣe? Ohun tó ń dá ẹ̀mí wọn sí náà ló ń...

Ọmọ tún béèrè bóyá mo ṣì ń fún wọn lómi àgbọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní ó dára fún ọkàn. Ó pariwo mọ́ mi. Potassium pọ̀ nínú ẹ̀, losartan àti spironolactone sì ń há potassium mọ́ inú ẹ̀jẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, ó lè da ìlù ọkàn rú. Èmi tí mò ń fọwọ́ ara mi fọ́ àgbọn láràárọ̀! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Ta ló sọ fún wa? Dókítà ò sọ. Tàbí ó sọ, tí a ò gbọ́, torí ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ni "ọkàn yín ti rẹ̀".

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo ka káàdì spironolactone. Ó yẹ kó ku 9. Mo bá 14. Ọjọ́ márùn-ún, ẹ wò ó! Wọ́n ń fò ó, wọ́n ń jẹ́ kí n máa rò pé wọ́n ń lò ó. Abájọ tí ẹsẹ̀ wọn fi wú, tí àmì ìbọ̀sẹ̀ fi jìn sí wọn lọ́rùn ẹsẹ̀ lánàá. Inú bí mi, mo wọ yàrá lọ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, síńgílẹ́ẹ̀tì wà lórí itan wọn.

Ìbínú náà ò lè jáde mọ́.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó." Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá gbé ọwọ́ kúrò. Lábẹ́ orí ọmú òsì, nǹkan kan le níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò. Ìka kan ni mo fi kàn án, wọ́n fà sẹ́yìn. "Rọra." Mo rántí ìgbà tí mo já ọmú lẹ́nu Dámọ́lá, tí tèmi le bí òkúta, tí wọ́n ń fi omi gbígbóná tẹ aṣọ tí wọ́n ń gbé e lé mi láyà, tí wọ́n ń béèrè pé, "Ṣé kò jó ọ?" Wọ́n á ti rántí náà. A ò sọ ọ́.

Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe obìnrin ni wọ́n ń dà, oògùn ni, pé òmíràn wà tí kì í sábà ṣe ọmú báyìí, eplerenone. Mo ti pe kẹ́mísìtì méjì, wọn ò ní. Mo ní kí wọ́n má fò ó mọ́ kí a tó rí dókítà lọ́la, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Wọ́n mi orí pé àwọn gbọ́. Mo bá wọn wọ bùbá tó fẹ̀, èyí tí kò ní ha ibẹ̀.

Ìgbà tí mo pa àtùpà ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Ìwọ ni kó sọ fún wọn lọ́la. Ṣùgbọ́n àyà ni kó o sọ, má sọ ọmú."

Mo ní ó dáa. Àmọ́ tí mo bá sọ àyà, ọkàn ni wọ́n máa yẹ̀ wò.