Ìwé Tó Yẹ Kí N Rà Lọ́jọ́ Kìíní: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Próójẹ́ẹ̀tì Mi

Èsì wa jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. 4.47 ni mo ní. Ẹni tó bá ti kàwé ní yunifásítì nílẹ̀ yìí á ti mọ ohun tó ń dùn mí: 4.50 ni first class ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo sì mọ ibi tí ìyókù gbà lọ. Yúníìtì 6 ni próójẹ́ẹ̀tì, yúníìtì 150 ni gbogbo èyí tí mo kà pọ̀. B ni mo gbà nínú próójẹ́ẹ̀tì. Ká ní A ni, 4.51 ni ǹ bá ní. Mo ti ṣírò ẹ̀ títí, kò yí padà.

Orí omidùn ni mo ti ṣiṣẹ́, omi orí ògì tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ àgbo. Àwọn kòkòrò kan wà nínú ẹ̀ tó ń mú un kan, kíkan yẹn kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò búburú ráyè. Ohun tí mo fẹ́ fi ojú ara mi rí nìyẹn. Mo ra ògì lọ́wọ́ ìyá márùn-ún lọ́jà, mo gbin omi ẹ̀ sórí MRS agar, oúnjẹ dídì tí irú àwọn kòkòrò inú omidùn yìí fi ń hù nínú àwo, mo fi í sínú incubator, àpótí tó ń mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, fún wákàtí 48, mo wá kó àwọn tó hù dojú kọ E. coli, kòkòrò kan tó lè fa ìgbẹ́ gbuuru. Ibi tí E. coli kò bá ti lè hù, òbìrí kan á mọ́ kedere níbẹ̀, rúlà la sì fi ń wọn fífẹ̀ ẹ̀ ní mìlímítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ti ìyá kọ̀ọ̀kan. Òbìrí 15, iṣẹ́ odidi ọdún kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo wọ̀n wọ́n. Iná ti lọ, bàbá tó ń tọ́jú láàbù ti ń mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ jẹ́ n rílé lọ o!" Mo ń wọ̀n, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn páálí ìbọ̀wọ́. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo sọ páálí nù. Ní ọjọ́ Àìkú wọ́n yọ fóònù lápò mi nínú mọ́tò. Nígbà tí mo máa fi dé láàbù ní ọjọ́ Ajé, bàbá ti fi autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò, pa gbogbo ohun tó wà nínú àwo, ó sì ti fọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ṣe.

Ó yẹ kí n lọ sọ fún Prof, supervisor mi, lọ́jọ́ náà gan-an. N kò lọ. Mo jókòó, mo ń rántí. Ti ìyá kejì ló fẹ̀ jù, ti ìkẹrin kò tó nǹkan. N kò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni o, n kò sì sanwó fún ẹnì kan kó bá mi kọ chapter four, ibi tí èsì iṣẹ́ máa ń wà, bí àwọn kan tí mo mọ̀, tí A wà lọ́wọ́ wọn báyìí. Ojú mi rí i, mo sì kọ ohun tí mo rántí.

Prof kò pariwo. Ó wo téèbù mi, ó ń fa báírò wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"10, 12, 14, 16, 18. 11 dà? 13 ńkọ́?"

"Kò sí, mà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo wọ̀n ọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dọ́gba?"

N kò fèsì.

"Ṣé o wọ̀n ọ́n ni, àbí o rò ó ni?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì wà níbẹ̀, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n. Ọ̀kan tó ń tẹ fóònù dẹ́kun.

"Mú ìwé láàbù rẹ wá."

"Kò sí, mà. Páálí ni mo kọ ọ́ sí."

"Páálí dà?"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín sínú. Prof pa iṣẹ́ mi dé, ó tì í padà sí mi lórí tábìlì. "Mi ò lè fọwọ́ sí i. Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tèmi náà wà lára ẹ̀?"

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ìta títí ìyá tó ń gbálẹ̀ fi ní kí n gbé ẹsẹ̀ mi.

Mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó parí. Ó pẹ́ kí n tó fi í sílẹ̀, B nìyẹn. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé nígbà tí mo tún un wọ̀n, ti ìyá kejì kọ́ ló fẹ̀ jù mọ́. Ó lè jẹ́ torí pé ògì mìíràn ni. Ó sì lè jẹ́ pé irọ́ ni mo rántí. Mi ò ní mọ̀ láéláé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń wọ ọdún ìkẹyìn, ẹ ra ìwé. Ìwé ẹlẹ́yìn líle tí wọ́n rán, tí èèyàn ò lè já abala kan nínú ẹ̀ láìhàn. Báírò ni kẹ́ ẹ lò. Ọjọ́, wákàtí, ohun tẹ́ ẹ ṣe, ohun tẹ́ ẹ rí, lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó kúrò nídìí àwo. Tẹ́ ẹ bá ṣì í kọ, ìlà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fà lé e, kí tìsàlẹ̀ ṣì ṣeé kà.

Ẹ béèrè ohun tí ẹ̀ka yín máa pèsè àti èyí tẹ́ ẹ máa fowó yín rà kẹ́ ẹ tó gba àkòrí. Ọ̀rọ̀ supervisor, àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ bá ẹni tí kì í le. Prof mi le, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í le ni ì bá buwọ́ lu téèbù yẹn fún mi. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi ń ṣe àròsọ téèbù, tó jẹ́ pé ǹ bá ti gbin òmíràn. Èyí náà, ká ní mo ní ìwé ni, kò ní ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Prof ló jẹ̀bi, pé ó yẹ kó sọ fún mi. Ó sọ fún mi. Lọ́jọ́ kìíní tí mo wọ ọ́fíìsì ẹ̀, ó ní, "Lọ ra ìwé," mo sì ní, "Ó dáa, mà."

Àbúrò mi ń wọ ọdún kẹrin lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ra ọ̀kan fún un, mo kọ orúkọ ẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní fóònù lòun máa lò.