Ohun Tí Géèmù Ìrìn-Àjò Òfurufú Kọ́ Mi Nípa Ìwádìí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sí ìdí iṣẹ́ ṣíṣe géèmù, ẹ ti bi mí léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló dé tí n kì í gbójú fo ọ̀rọ̀ ìwádìí nígbàkígbà tí a bá jókòó lórí géèmù tí ó dá lórí ìrìn-àjò sí òfurufú. Ìdí rẹ̀ ni pé, nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tí a bá pè ní ìwádìí ni ẹni tí ń gbá a yóò máa fi àkókò rẹ̀ ṣe. Bí a bá ní títẹ bọ́tìnì ni ìwádìí, bọ́tìnì ni yóò máa tẹ̀. Bí a bá sì ní dídé ibi tí kò dé rí ni ìwádìí, yóò jókòó, yóò ronú, yóò sì kan ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni lè mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ba iṣẹ́ kan jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Nínú géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ètò ìwádìí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, mo ṣe é kí àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan máa mú iye àmì kan náà wá, níbikíbi tí a bá ti ṣe é, àti iyekíye ìgbà tí a bá ṣe é. Lójú mi nígbà náà, ìdọ́gba ni mo ń ṣe. Nígbà tí a pe àwọn ènìyàn wá láti dán géèmù náà wò, mo dúró sẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn. Ó gbé ẹ̀rọ ìwọn-ooru sórí ọkọ̀ tí kò tíì kúrò nílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí ẹ̀ka mẹ́ta fi ṣí lórí igi ìmọ̀ wa, ìyẹn àtẹ tí a ti ń fi àmì ṣí ẹ̀yà ọkọ̀ tuntun. Kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Òfin tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni ó ń tẹ̀ lé. Ìgbà tí ó wá fẹ́ fò, àwọn ẹ́ńjìnnì ńláńlá tí kò mọ ìlò wọn ni ó wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kìíní já lulẹ̀, ìkejì já lulẹ̀, ó sì dìde kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé èmi ni mo gba ìrìn-àjò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo padà lọ fi ara balẹ̀ ka bí Kerbal Space Program, géèmù kíkan rọ́kẹ́ẹ̀tì àti fífi í rin òfurufú tí ilé iṣẹ́ Squad ṣe, ti to ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, géèmù náà kò ní ìlọsíwájú kankan. Gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ ni ó wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹ̀dà 0.22 tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni ó mú igi ìmọ̀ wọ inú rẹ̀, ẹ̀dà 0.24 ní oṣù keje ọdún 2014 sì mú owó àti àdéhùn iṣẹ́ wá. Ẹni tí kò bá fẹ́ da owó pọ̀ mọ́ ọn lè yan ọ̀nà tí ó jẹ́ pé àmì sáyẹ́ǹsì nìkan ni ó ń ṣí ẹ̀ka. Ọ̀nà yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ kí ẹ tó kọ́ èyí tí owó wà nínú rẹ̀, nítorí pé níbi tí owó kò bá sí, àìpé ètò ìwádìí kò ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi lé ènìyàn lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀: yàrá kékeré tí awakọ̀ ń jókòó sí, párásúùtì, rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí a kò lè pa mọ́ bí iná bá ti ràn án, àti ìkòkò ohun yíyọ̀ kan tí wọ́n ń ṣe àkíyèsí bí ó ti ń hùwà. Ohun yíyọ̀ yìí kò níye lórí púpọ̀ níbi tí a ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì. Lórí ilẹ̀ Kerbin, tí í ṣe ayé àwọn Kerbal, àwọn ẹ̀dá inú géèmù náà, 0.3 ni wọ́n fi ń sọ iye àyẹ̀wò di púpọ̀; lórí ilẹ̀ Mun, òṣùpá tí ó sún mọ́ ọn jù, 4 ni. Àyẹ̀wò kan náà, ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́tàlá lọ nítorí ibi tí a gbé e dé. Ìròyìn tí awakọ̀ bá kọ ní ibì kan kì í mú ohunkóhun wá nígbà kejì, àwọn àyẹ̀wò mìíràn a sì máa dín kù títí wọn yóò fi gbẹ. Bí mo ti rí èyí, mo mọ ibi tí mo ti ṣìnà: mo san èrè fún ìṣe, nígbà tí ó yẹ kí n san án fún ibi tí ìṣe náà ti wáyé.

Ohun tí ó mú kí òfin yìí ní agbára ni ìwúwo. Ìdọ́gba ìṣirò rọ́kẹ́ẹ̀tì tí Tsiolkovsky, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1903 ni ó ń ṣàkóso ọkọ̀ inú géèmù náà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣàkóso ti òde ayé. Bí a bá fi ìwúwo ọkọ̀ nígbà tí epo rẹ̀ tán pín ìwúwo rẹ̀ nígbà tí epo kún un, tí ìdáhùn sì jẹ́ 3, ẹni tí ó bá fẹ́ ìlọ́po méjì ìyára tí ọkọ̀ náà lè ní gbọ́dọ̀ sọ 3 yẹn di 9, kì í ṣe 6. Nítorí náà, ẹ̀rọ àyẹ̀wò kékeré kan tí a bá fi kún orí ọkọ̀ a máa béèrè epo púpọ̀ nísàlẹ̀. Láti ilẹ̀ Kerbin dé ojú ipa tí ọkọ̀ yóò ti máa yí i po, ìyára tí a nílò tó bí 3,400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó bá ń pinnu bóyá kí òun gbé ìkòkò kan tàbí méjì ti ń ṣe ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ ọ ní ìdọ́gba kankan. Mo fẹ́ràn èyí ju ohunkóhun mìíràn lọ nínú géèmù náà.

Ìyàtọ̀ sì tún wà láàárín fífi èsì ránṣẹ́ nípa rédíò àti gbígbé e bọ̀ wálé. Ìròyìn awakọ̀ a dé láìdín, ṣùgbọ́n apá tí ó pọ̀ nínú iye ìkòkò ohun yíyọ̀ ni ó ń ṣòfò bí a bá fi rédíò rán an. Òótọ́ inú ìtàn ni wọ́n gbé èyí lé. Luna 9, ọkọ̀ Soviet tí kò ní ènìyàn nínú, fi àwòrán ránṣẹ́ láti orí òṣùpá ní oṣù kejì ọdún 1966, iṣẹ́ ńlá sì ni. Síbẹ̀ 382 kìlógíráàmù òkúta àti erùpẹ̀ tí àwọn ará Apollo, ìrìn-àjò àwọn ará Amẹ́ríkà sí òṣùpá, kó bọ̀ láàárín ọdún 1969 sí 1972 kò tíì tán lẹ́nu iṣẹ́, àní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí Apollo 17 dì pa mọ́.

Àwọn kan ń bínú pé igi ìmọ̀ náà mú awakọ̀ ṣáájú ọkọ̀ tí kò ní ènìyàn nínú, nígbà tí ó jẹ́ pé, ní òde ayé, Sputnik ti ọdún 1957, tí kò ní ènìyàn nínú, ṣáájú Gagarin, ènìyàn àkọ́kọ́ tí ó dé òfurufú, ti ọdún 1961. N kò bá wọn bínú. Ojú tí ń wo ènìyàn láti inú fèrèsé ọkọ̀ a máa jẹ́ kí ó bẹ̀rù jíjá lulẹ̀, ìbẹ̀rù náà sì ń kọ́ni.

Àléébù tí mo rí níbẹ̀ jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àmì gbogbo ń wọ inú àpò kan ṣoṣo, níbikíbi tí ó bá ti wá. Minmus, òṣùpá Kerbin kejì, kò ní agbára òòfà tó láti dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Epo díẹ̀ ni ènìyàn fi ń fò láti agbègbè kan sí òmíràn níbẹ̀, tí ó ń kó àmì jọ. Mo ti ṣí gbogbo igi náà rí láti orí òṣùpá méjèèjì nìkan. Lọ́jọ́ tí ẹ̀ka ìkẹyìn ṣí, Duna àti Jool, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn inú géèmù náà, ṣì wà lókè, n kò dé wọn rí, igi ìmọ̀ kò sì ní ohunkóhun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ wọn mọ́. Mo lọ sí Duna lẹ́yìn náà nítorí pé ó wù mí, ṣùgbọ́n ètò náà ti dákẹ́.

Nínú Factorio, géèmù kíkọ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, àfikún Space Age tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 gba ọ̀nà mìíràn: pílánẹ́ẹ̀tì tuntun kọ̀ọ̀kan ní irú èlò ìwádìí tirẹ̀ tí a kò lè fi ti ibòmíràn dípò. Outer Wilds ti ọdún 2019, géèmù títú àdììtú láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọkọ̀ tí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ náà ni ó fi ń parí, kò sí ẹ̀yà tí a ń rà tàbí tí a ń ṣí, ìwé inú ọkọ̀ kàn ń kọ ohun tí a ti rí sílẹ̀, ohun tí a mọ̀ lónìí ni ó sì ń jẹ́ kí a lè dé ibi tí a kò lè dé lánàá. Ẹ má ṣe sáré lọ ṣe irú èyí ní àkọ́kọ́. Àdììtú tí ó bá ti yé ènìyàn kì í tún ṣe àdììtú mọ́, nítorí náà ohun gbogbo gbọ́dọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nínú èyí tí a ń ṣe lọ́wọ́ báyìí, mo fi àpò kan ṣoṣo sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀, mo sì yọ ọ́ kúrò fún ti òkè. Ẹ̀ka apata tí ń dáàbò bo ọkọ̀ lọ́wọ́ ooru, fún àpẹẹrẹ, kì í ṣí àfi bí ìwọ̀n ooru láti inú afẹ́fẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn bá dé ilé. Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí ó ń bá wa dán an wò rán ọkọ̀ tí kò ní ènìyàn nínú wọ afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ láìní apata rárá. Ọkọ̀ náà jóná, ṣùgbọ́n ó ti tan rédíò rẹ̀ kí ó tó wọlé, ìwọ̀n náà sì ń bọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ohùn fi ké. Ẹ̀ka náà ṣí. Ó wo àwọn nọ́ńbà tí ó wọlé gbẹ̀yìn, ó kọ wọ́n sínú ìwé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ mìíràn.