Géèmù Òkété: Ohun tí Crash Bandicoot ti Ọdún 2001 Kọ́ Mi Nínú Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ní ọdún 2003, mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin ni mo tò sí ara ògiri. PlayStation àkọ́kọ́ ló wà lára mẹ́ta nínú wọn, PlayStation 2 sì wà lára ẹ̀kẹrin, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò kọ́kọ́ máa ń wò láti ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń san owó lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣe géèmù mìíràn ń san náírà 50 fún ìṣẹ́jú 30. Ètò owó yìí ló jẹ́ kí n tètè rí àléébù kan tí ẹni tó ń ṣe géèmù nínú yàrá ara rẹ̀ lè fara dà láìsọ nǹkan kan, nítorí pé ìṣẹ́jú gan-an ni ọjà tí mo ń tà.

Géèmù tí mò ń sọ ni Crash Bandicoot: The Wrath of Cortex. Bandicoot jẹ́ ẹranko kékeré kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà tí ẹnu rẹ̀ gùn ṣónṣó, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi kò da ara wọn láàmú lórí ìyẹn. Òkété ni wọ́n pè é, géèmù òkété ló sì ń jẹ́ títí ṣọ́ọ̀bù náà fi kógbá sílé. Mẹ́ta irú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe fún PlayStation àkọ́kọ́ ṣáájú èyí, ní ọdún 1996, 1997 àti 1998, ẹ̀kẹta nínú wọn, tí wọ́n pè ní Warped, sì wà lára àwọn géèmù tó san owó ilé ṣọ́ọ̀bù fún mi. Eré náà kò le láti ṣàlàyé: òkété náà ń sáré wọ inú àwòrán lọ, ó ń fo kòtò, ó ń fò lé orí àpótí kí ó lè fọ́, ó ń pòòyì bí òkòtó lu ẹni tó bá dí i lọ́nà, ó sì gbọ́dọ̀ mú òkúta dídán aláwọ̀ àlùkò kan jáde kúrò nínú ìpele kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún méje á mọ̀ ọ́n ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán á làágùn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ti rí Crash tuntun fún PlayStation 2, mi ò bèèrè ẹni tó ṣe é. Orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ ti tó fún mi. Wọ́n fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wá sílé, kí ẹni náà sì tó dé Ìbàdàn ni mo ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé òkété tuntun ń bọ̀, náírà 70 fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì fi owó ara mi kọ́ ọ: mo ti gbówó lé ọjà tí mi ò tíì rí rárá.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé Naughty Dog tó ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ kọ́ ló ni òkété náà. Universal Interactive ló ni orúkọ rẹ̀. Naughty Dog ti kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n ń ṣe géèmù mìíràn, Jak and Daxter, tí òun náà jáde lọ́dún 2001 kan náà. Universal sì gbé Crash fún Traveller's Tales, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èrò tí wọ́n kọ́kọ́ ní ni láti ṣe géèmù tí èèyàn á ti máa rìn kiri bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n àjọṣe Universal àti Mark Cerny, tó ti wà nídìí àwọn ti àtẹ̀yìnwá, dàrú, wọ́n dá èrò náà nù, wọ́n ní kí Traveller's Tales ṣe irú Crash tí gbogbo èèyàn ti mọ̀. Oṣù 12 péré ni wọ́n fún wọn láti tún bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n sì parí. Nígbà tí mo mọ èyí lẹ́yìn ọdún púpọ̀, inú mi rọ̀ sí wọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ìkòkò ìyá olóúnjẹ kan tó lókìkí fún ẹlòmíràn ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, tí wọ́n ní kí ọbẹ̀ ti délẹ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé lọ́sàn-án, kí ó sì dùn bíi ti ìyá náà. Ohun tó bá ti rí i tó ń sè tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè sè.

Bó sì ṣe rí nìyẹn. Warped ní yàrá márùn-ún tí ìpele márùn-ún wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òkúta dídán 25 lápapọ̀. Ti tuntun yìí náà ní yàrá márùn-ún, ìpele márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òkúta dídán 25. Nínú Warped, bí a bá ti borí ọ̀tá tó ń ṣọ́ yàrá kan, òkété náà á gba agbára tuntun. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn agbára wọ̀nyẹn ló tún padà wá, títí kan ìbọn tó ń yin èso, bí ẹni pé òkété náà ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta, tó wá ń tún un kọ́. Ọ̀kan tó jẹ́ tuntun ni bàtà tó lè fi yọ́ rìn lórí àpótí aláwọ̀ ewé tó máa ń bú gbàmù. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìyẹn gan-an, nítorí pé ó jẹ́ kí wọ́n tẹ ohun tó ti ń pa wọ́n láti ọdún mẹ́ta mọ́lẹ̀, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Lóòdù, ìyẹn ìdúró tí ẹ̀rọ fi ń ka géèmù láti inú CD, ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ló bà mí lórúkọ jẹ́. Bí ọmọ bá mú ìpele kan, géèmù náà á dúró, á máa lóòdù. Bó bá parí rẹ̀, tó ń padà sí yàrá, á tún lóòdù. Mo lè rán ọmọ kan lọ ra píọ́ wọ́tà ní ìsọ̀ kejì, kí ó sì padà bá a lẹ́nu rẹ̀. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ní lẹ́ǹsì ẹ̀rọ mi ló dọ̀tí. Mo nù ún. Wọ́n ní CD náà kì í ṣe ojúlówó. Mo gbé páálí rẹ̀ hàn wọ́n, pẹ̀lú ìwé inú rẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo CD tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, òun gan-an ni ojúlówó tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn lé. Lọ́jọ́ kan, mo fi aago ọwọ́ mi ṣọ́ ọmọkùnrin kan tó san owó ìṣẹ́jú 30. Ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi jókòó, tó gbé páàdì lé itan, tó ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n lásán. Nígbà tí mo ní àkókò rẹ̀ ti pé, ó wò mí, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ má ka àwọn ìgbà tó ń lóòdù mọ́ mi lọ́rùn.” Mi ò rí èsì fún un. Bí NEPA bá sì wá mú iná lọ láàárín kan, tí a tan jẹnẹrétọ̀, tí a tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ lè fojú inú wo irú ariwo tó máa ń sọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Kí n sọ òótọ́: àwọn tó ṣeré rẹ̀ lórí Xbox àti GameCube, àwọn ẹ̀rọ géèmù mìíràn, ní ọdún 2002 kò jìyà tó bẹ́ẹ̀. Mo fojú ara mi rí ti Xbox nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní ọdún 2005, ó sì yà mí lẹ́nu bó ṣe ń yára ṣí. Géèmù kan náà ni, ìtàn kan náà, òkété kan náà. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé géèmù báyìí dára tàbí kò dára, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé orí ẹ̀rọ wo ló ti ṣe é, mo sì máa gba ẹ̀yin náà níyànjú pé kí ẹ máa bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó náwó.

Àléébù kejì kò hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n dá ọ̀tá tuntun kan sílẹ̀, Crunch, òkété bíi Crash ṣùgbọ́n tó síngbọnlẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kan jẹ́ irin, Cortex, ọ̀tá Crash láti ìbẹ̀rẹ̀, sì fún un ní agbára ẹ̀mí mẹ́rin: ti ilẹ̀, ti omi, ti iná àti ti afẹ́fẹ́. Èmi tí mo dàgbà sí àdúgbò tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó àti Ọya, etí mi là nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo rò pé ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan á ní ìwà tirẹ̀ àti ìjà tirẹ̀. Àmọ́ Crunch yìí kan náà ni ẹ ó bá jà ní òpin yàrá kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó kàn pa ara dà. Nínú Warped, ojú tuntun ló ń dúró dè yín ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìjà kẹta, ọmọ tó ń ṣe é ti mọ ẹni tí yóò bá ní yàrá kẹrin, kò sì kánjú mọ́.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ohun tí wọ́n ń gùn. Jíìpù wà, ọkọ̀ abẹ́ omi wà, ohun tó ń fò wà, ẹ̀rọ gìrìwò tó ń rìn wà. Warped náà ní ọkọ̀ òfuurufú àti alùpùpù, n kò sì gbàgbé, ṣùgbọ́n níbẹ̀ wọ́n jẹ́ ìsinmi láàárín eré sísá. Nínú èyí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń gbọ́ tí ọmọ kan á kérora pé òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ sáré. Ẹni tó ra géèmù nítorí fífò kò fẹ́ kí wọ́n máa gbé òun wọ ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Síbẹ̀, bí mo bá dúró níbí, mo ti parọ́. Ohun kan wà nínú géèmù náà tí kò sí nínú mẹ́ta tó ṣáájú, mo sì rò pé òun ló yẹ kí wọ́n fi gbogbo oṣù 12 náà ṣe. Bọ́ọ̀lù ńlá kan ni, tí ojú lè rí inú rẹ̀, tí Crash á kó sí, tí á máa sáré nínú rẹ̀ kí ó lè yí. Ìpele kan wà ní yàrá kìíní tí wọ́n ń pè ní Bamboozled, inú bọ́ọ̀lù yìí ni wọ́n ti ń ṣe é. Bọ́ọ̀lù náà ní ìwúwo: bí ẹ bá sáré wọ kọ́nà jù, á gbé yín dà sí ìsàlẹ̀, bí ẹ bá rọra, kò ní lágbára tó láti gun òkè. Kò sí ẹni tó kọ́ ọmọ kankan ní ìyẹn, ọwọ́ wọn ló kọ́ wọn. Mo rí ọmọ tó ń tẹ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lórí àga bí bọ́ọ̀lù ṣe ń tẹ̀, àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ náà á sì tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Coco, àbúrò Crash obìnrin, náà wà níbẹ̀. Nínú Warped, ó kàn ń gun nǹkan ṣáá. Nínú èyí, ó bọ́ sílẹ̀ ó sì fi ẹsẹ̀ sáré. Ìpele kan wà, Tsunami, tí ìgbì omi ńlá ń lé e. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan wà, ọmọ ìyá kan náà, tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé wá, tí wọ́n á kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí Coco tó ń sáré, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí san owó tiwọn.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo ya ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn, mo kọ òmíràn: géèmù òkété tuntun, náírà 15 fún ìpele kan, bó bá lóòdù títí di alẹ́, owó ẹnikẹ́ni kò jóná. Mo tún ṣe ohun kejì tó wúlò ju ìyẹn lọ. Mo parí géèmù náà fúnra mi ní òru, mo fi pamọ́ sínú mẹ́mọ́rì káàdì kí gbogbo yàrá lè wà ní ṣíṣí, mo sì kọ orúkọ ìpele tó dára sára páálí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ti bọ́ọ̀lù àti ti Coco lókè. Ẹni tó bá fẹ́ jíìpù, kò sí ẹni tó dá a dúró. Láàárín oṣù kan, aáwọ̀ dópin, géèmù tí mo ti fẹ́ pààrọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ní géèmù tó já yín kulẹ̀ nílé, ẹ gbìyànjú rẹ̀ báyìí: ẹ má fi dandan lé e pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wá ibi tí ẹni tó ṣe é ti ní inú dídùn sí iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa padà síbẹ̀.

Ní ti rírà, n kì í wo ìpele kìíní mọ́. Ìpele kìíní nínú èyí, Arctic Antics, rẹwà, yìnyín ibẹ̀ ń dán, òun ló sì tàn mí jẹ. Bí mo bá fẹ́ ra géèmù tó tẹ̀ lé òmíràn báyìí, mo máa ń wá ẹni tó ti dé àárín rẹ̀, mà á jókòó tì í, mà á sì wo ohun tó ń ṣe nígbà tí eré kò sí lójú tẹlifíṣọ̀n. Bó bá ti fa fóònù yọ, mo ti mọ iye tí mo lè san.

Ní ọdún 2020, wọ́n gbé Crash Bandicoot 4 jáde. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Warped ti parí, ó fo ti ọdún 2001 bí ẹni pé kò sí láyé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bi mí ní ọjọ́ kan pé kí ló dé tí mo fi ní ẹ̀kẹrin méjì nílé. Mo fa PlayStation 2 yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi CD náà sí i, mo ní kí ó mú Bamboozled. Ó ń lóòdù. Mo lọ bu ẹ̀wà sínú abọ́, mo padà wá, ó ṣì ń lóòdù, ọmọ náà sì yíjú sí mi, ó ní, “Bọ̀dá, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”