Bí mo ṣe gbé balógun ojú ọ̀run kan ga tí mo tún wó o lulẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ibi tí ìtàn ogun ojú ọ̀run ti sábà máa ń sú mi ni ibi tí balógun ti ṣubú. Ọkọ̀ rẹ̀ ń jó, òun dúró gbọn-in, ó sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan, ó kú. Ẹni tó bá kú báyẹn, orin ni wọ́n máa fi kọ, kò ṣubú rárá. Nígbà tí mo ń kọ ìtàn Ṣàkàrù, balógun kan láàárín àwọn ẹ̀dá tí kì í ṣe ọmọ èèyàn, ohun tí mo ń wá ni bí ẹni tó ṣẹ́gun ṣe ń di ọ̀daràn lójú àwọn tó rán an níṣẹ́. Ó gbà mí lákòókò, ṣùgbọ́n mo rí i, òun ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sọ.

Ẹ fi ìbọn sílẹ̀ ná, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìròyìn. Bí balógun bá ránṣẹ́ sílé lónìí, ìgbà wo ni wọ́n máa gbọ́? Kò sí ohun tó ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, rédíò náà kò sì lè sáré jù ú. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń lo ìṣẹ́jú 8 ó lé díẹ̀ kó tó kàn wá láyé, ó sì ń lo bíi wákàtí 4 kó tó dé pílánẹ́ẹ̀tì Neptune. Voyager 1, ọkọ̀ òfúrufú tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sókè lọ́dún 1977, ti jìnnà débi pé ohun tó bá sọ máa ń lò ju wákàtí 22 lọ lójú ọ̀nà. Proxima Centauri, ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù lọ, ọdún 4 ó lé díẹ̀ ni ti ìyẹn. Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń dá ẹ̀rọ kan sílẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ dé ibi gbogbo lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni o. Lójú tèmi, wọ́n ti da ohun tó dùn jù nínú ọbẹ̀ nù, torí pé jíjìnnà sílé ló ń sọ balógun di ẹni ńlá, jíjìnnà yẹn kan náà ló sì ń pa á.

Ogun Ṣàkàrù, etí ìràwọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni mo fi í sí, láàárín àwọn òkìtì yìnyín tó ń yípo nínú òkùnkùn, níbi tí iṣẹ́ ti ń lo oṣù 5 kó tó délé. Kéèyàn béèrè ọ̀rọ̀ kó sì gbọ́ èsì, oṣù 10. Èwo ni ká dúró gba àṣẹ níbẹ̀? Ẹni tó bá lè dá pinnu ni yóò ga, bí kò tilẹ̀ ní oyè kankan tẹ́lẹ̀. Ẹnì kẹrin ni Ṣàkàrù nínú àwọn ọ̀gá tó wà lórí ọkọ̀ kan tó ń gbé epo fún àwọn ọkọ̀ ogun. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀. Ẹni tó ń ka epo mọ ohun tí àwọn tó ń yìnbọn kò mọ̀: nínú òfúrufú, ohun tó bá ti ń lọ kì í dúró fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ gbọ́dọ̀ yí ẹ́ńjìnì kọjú sí ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó epo. Ẹni tó bá mọ bí ọkọ̀ ọ̀tá ṣe wúwo tó, tó sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ, lè ṣírò ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù, níbi tí wọn ò ti ní lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Lẹ́yìn tí àwọn mẹ́ta tó wà lókè Ṣàkàrù kú, ibẹ̀ ló lọ dúró sí. Àwọn ọlọ̀tẹ̀, ìyẹn ọ̀tá tí wọ́n ń bá jà, wá bá a níbẹ̀. Ogun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá kò gbà ju ojú ìwé mẹ́rin lọ lọ́wọ́ mi, torí ìṣirò rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á gbádùn.

Mo ka ìtàn àwọn balógun ojú omi tòótọ́ gan-an nígbà yẹn, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1904, Rọ́ṣíà rán ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun kan jáde láti òkun Baltic, Rozhestvensky ni balógun wọn, kí wọ́n lọ gba àwọn èèyàn wọn tí ogun Jàpáànù ká mọ́ Port Arthur, èbúté kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, sílẹ̀. Èédú ni ọkọ̀ wọn ń jẹ, àwọn ọkọ̀ Jámánì ló sì ń gbé e pàdé wọn lọ́nà. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi yìnbọn lu àwọn apẹja Gẹ̀ẹ́sì lóru, tí wọ́n rò pé ọkọ̀ Jàpáànù ni. Nígbà tí wọ́n dé Madagascar, wọ́n gbọ́ pé Port Arthur ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ibi tí wọ́n ń lọ gbà kò sí mọ́, síbẹ̀ wọ́n ń lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1905, Tōgō, balógun Jàpáànù, pàdé wọn lójú omi ní Tsushima, ó sì run wọ́n láàárín ọjọ́ méjì. Bí mo ṣe ka ibi Madagascar yẹn ni mo dìde lórí ìjókòó. Ọkọ̀ ńlá ń gúnlẹ̀ sí èbúté kan, ìwé ìròyìn sì ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kúrò nílé ti parí láìsí wọn. Ìbọn kankan kò dún níbẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀dá mìíràn la ń kọ, kì í ṣe èèyàn tí a kun ní àwọ̀ ewé. Ohun tó bá yàtọ̀ nínú ara wọn gbọ́dọ̀ wọnú ẹjọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kúkú kọ ìtàn ọmọ èèyàn. Àwọn tèmi, tí mo pè ní Aláwọ̀, kò ní ohùn. Ara ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Mo yá a lára cuttlefish àti octopus, àwọn ẹ̀dá inú òkun tó ní àpò aró kéékèèké lábẹ́ awọ wọn. Iṣan ara wọn ló ń fa àpò yìí gbòòrò tó sì ń dẹ̀ ẹ́, tí àwọ̀ wọn fi ń yí padà kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Lọ́dọ̀ Aláwọ̀, bí inú bá ń bí ẹ, ejìká rẹ á ti sọ ọ́ kí o tó pinnu bóyá o fẹ́ sọ ọ́. Àwa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ara ni tiwọn wà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irọ́ láàárín wọn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ní òfin púpọ̀ lórí ẹ̀rí jíjẹ́.

Ṣàkàrù ní àpá iná láti ọrùn dé ìbàdí, ibẹ̀ kì í sì í yí àwọ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń rí. Nígbà tó jókòó ṣe àdéhùn pẹ̀lú àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó ní epo òun ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tó kù kò lè gbé ọ̀wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ dé ibì kankan. Wọ́n wo ara rẹ̀ títí, wọn ò rí nǹkan kan kà, wọ́n sì túúbá.

Àwọn tó fẹ̀sùn kàn án ló gba iṣẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Ẹ má ṣe kọ òjòwú tàbí ẹlẹ́tàn síbẹ̀. Akápò ìgbìmọ̀ tó rán Ṣàkàrù níṣẹ́ ni mo fi ṣe olùfisùn, olóòótọ́ èèyàn tó mọ ìwé ìṣirò rẹ̀ dáadáa. Ó rí i pé epo tí Ṣàkàrù ń béèrè ju èyí tó ní òun ń jó lọ fíìfíì. Òótọ́ ni. Ṣàkàrù ń bu epo pamọ́ sáàárín àwọn òkìtì yìnyín fún ogun ọjọ́ iwájú, kò sì lè kọ ọ́ sínú iṣẹ́ tó ń rán sílé, torí ẹnikẹ́ni ló lè gbọ́ rédíò. Ohun tó ń dé ilé kò ju nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ lọ. Kò sí ara níbẹ̀, kò sí àwọ̀. Fún ẹ̀dá tí kò gba ohunkóhun gbọ́ àfi èyí tó rí lára ẹni tó ń sọ ọ́, ìyẹn ti tó láti lé oorun lọ. Àgbà kan tún wá dìde nínú ìgbìmọ̀, ó ní kódà nígbà tó wà níwájú àwọn, ìdajì rẹ̀ ni àwọn ń rí. Àgbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ṣùgbọ́n oṣù 10 ni ẹjọ́ ẹnì kejì máa gbà, epo sì ń tán. Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń ka iṣẹ́ mi kó tó jáde sọ pé òun náà ìbá dá a lẹ́bi. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi balẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ wo ìlú Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì ní ọdún 406 ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n ṣẹ́gun lójú omi ní Arginusae, ìjì kò jẹ́ kí wọ́n yọ àwọn tiwọn tó já sómi, ìlú bínú, wọ́n sì pa 6 nínú àwọn balógun tó ṣẹ́gun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa John Byng, balógun ojú omi wọn, lórí ọkọ̀ ogun wọn ní oṣù kẹta ọdún 1757, torí pé kò sa gbogbo agbára rẹ̀ láti gba erékùṣù Minorca là. Èyí tó ká mi lára jù ni ti Yi Sun-sin, balógun ojú omi ní Kòríà. Lọ́dún 1597, amí kan tó ń ṣiṣẹ́ fún Jàpáànù gbé ìròyìn èké wá, ọba ní kó jáde lọ jà, ó mọ̀ pé pańpẹ́ ni, kò lọ. Wọ́n mú un, wọ́n lù ú, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ogun lásán. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kó gbogbo ọkọ̀ lọ sí ìparun. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ọkọ̀ 13 péré ló rí kó jọ, ó sì fi wọ́n dojú kọ ọkọ̀ tó lé ní 100, ó ṣẹ́gun. Mi ò fún Ṣàkàrù ní irú àdápadà bẹ́ẹ̀. Ìtàn gidi lè ṣe é. Nínú ìtàn àròsọ, àánú òǹkọ̀wé ni yóò jọ.

Ọjọ́ tí àṣẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n yọ Ṣàkàrù nípò dé ni mo fara balẹ̀ kọ jù. Àṣẹ ti kúrò nílé oṣù 3 kó tó di pé Ṣàkàrù ja ogun tó tóbi jù, nítorí náà àárín ayọ̀ ìṣẹ́gun ló bá wọn. Igbákejì rẹ̀ ló gbà á, ẹni tí Ṣàkàrù fà yọ nínú ọkọ̀ tó ń jóná rí. Aláwọ̀ kò lè rọra tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síni létí, torí bó bá ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni ara rẹ̀ á ti pariwo. Igbákejì bá fi aṣọ bo ara láti orí délẹ̀. Òkú nìkan ni wọ́n ń bò bẹ́ẹ̀. Ṣàkàrù wo aṣọ náà, ó bọ́ àmì oyè rẹ̀ lé orí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tó fi epo pamọ́ sí fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹlòmíì kò mọ̀ ọ́n. Mi ò jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ kankan lórí ara rẹ̀.

Ẹ má pa á lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún 9 ni ọkọ̀ fi gbé Ṣàkàrù padà sílé. Kó tó dé, ìròyìn ìṣẹ́gun ti délé tipẹ́, akápò ti kú, ìgbìmọ̀ ti yí padà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó ní agbára láti fagi lé e. Wọ́n fún un níṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ka epo.

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ka ìtàn yìí ń bi mí: kí ló dé tí kò kó ọ̀wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ gba ìjọba? Iná ẹ́ńjìnì ni. Nínú òfúrufú, kò sí ibi tí èèyàn máa fi í pamọ́ sí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ó lé ní ọdún 8 tí àwọn tó wà nílé máa fi wò ó bó ṣe ń bọ̀. Mo kọ orí kan tí àwọn ọmọ ogun fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì yọ ọ́ torí ó ń fa ẹsẹ̀ ìtàn náà sẹ́yìn. Bí tiyín bá gùn ju tèmi lọ, ẹ lè ráyè fún un.