Jẹ́lé-ó-sinmi nílé àti ní England: ọmọ wo ni wọ́n ń fi sílẹ̀?

Ọ̀pọ̀ òbí wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé England ló máa ń bínú nígbà tí wọ́n bá lọ mú ọmọ ọdún mẹ́ta ní jẹ́lé-ó-sinmi, tí wọ́n bá a nínú yẹ̀pẹ̀, tó ń bu omi láti inú ike kan sí òmíràn, tí kò sì sí iṣẹ́ àṣetiléwá kankan nínú báàgì rẹ̀. Wọ́n á ní ní Nàìjíríà, irú ọmọ yìí á ti máa kọ ABC. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí nǹkan rọrùn fún ni a fi ń ṣe ìfiwéra yẹn. Ọmọ tí kò tíì sọ̀rọ̀, ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa, àwọn wọ̀nyí ló yẹ ká fi wọn orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Ní England (Scotland àti Wales ní ètò tiwọn), ìlànà tí wọ́n ń pè ní EYFS ló de gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ títí dé ọdún márùn-ún. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, olùtọ́jú kan kò gbọdọ̀ mú ju ọmọ 3 lọ tí wọn ò bá tíì pé ọdún méjì. Ọlọ́dún méjì, ọmọ 5. Ọlọ́dún mẹ́ta sókè, ọmọ 8, tàbí 13 bí olùkọ́ tó gboyè bá wà níbẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní olùtọ́jú kan pàtó tí òbí mọ orúkọ rẹ̀. Ìlànà Nàìjíríà ní kí olùkọ́ kan mú ọmọ 25, ẹni tó bá sì ti wọ kíláàsì ìjọba ní ìgboro Ìbàdàn tàbí Agége rí mọ̀ pé wọ́n máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Níbi tí ọmọ bá ti pọ̀ tó yẹn, ẹni tó ń ké ni wọ́n ń rí. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀, tí kì í wojú ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní ọmọ dáadáa ni.

Ní Nàìjíríà, bí ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ kò bá tíì sọ̀rọ̀, èsì ti wà nílẹ̀: "Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà mìíràn, etí ọmọ ni kò gbọ́ràn, tàbí kó jẹ́ autism, ìyẹn kí ọpọlọ ọmọ máa gba ọ̀rọ̀ àti ìbáṣepọ̀ lọ́nà tó yàtọ̀, ọdún á sì ti gorí ọdún kí ẹnikẹ́ni tó bi ìbéèrè kejì. Ní England, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní health visitor máa ń yẹ ọmọ wò ní nǹkan bí ọdún méjì sí méjì ààbọ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi náà gbọ́dọ̀ kọ àkọsílẹ̀ ṣókí fún òbí nígbà tí ọmọ bá wà láàárín oṣù 24 sí 36. Bí nǹkan bá kù díẹ̀ káàtó, SENCO, ìyẹn olùkọ́ tó ń mójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe, á pe òbí jókòó. Wọ́n á wo ibi tí ọmọ dé, wọ́n á mú ohun kan tàbí méjì tí wọ́n fẹ́ kó lè ṣe, wọ́n á ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún wò ó bóyá ó yọrí sí rere, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun kan péré tí wọ́n ń lò. Páálí kan ni, kò ju ìwé A4 lọ, ilà kan pín in sí méjì. Lápá òsì ni wọ́n ń lẹ àwòrán ohun tí ọmọ máa ṣe báyìí, lápá ọ̀tún ohun tó kàn: bàtà, lẹ́yìn náà pápá ìṣeré. Olùtọ́jú á nàka sí i, á sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Bàtà." Á wá dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ọmọ lè ráyè rò ó. Bí wọ́n bá ti wọ bàtà tán: "Pápá." Ọmọ tó máa ń fi orí gbálẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá já a gbà lẹ́nu eré á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tó ń bọ̀. Ohun tó ń ba ọ̀nà yìí jẹ́ ni kí wọ́n lẹ àwòrán mẹ́fà pọ̀, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lọ rẹrẹ, tàbí kí wọ́n fi pápá hàn án kí wọ́n má sì mú un débẹ̀. Páálí náà kò gba iná, kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà, tí wọ́n tẹ̀ jáde, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù bò kó má tètè ya, á ṣe iṣẹ́ kan náà ní Òṣogbo.

Bí èyí kò bá tó, ní England òbí fúnra rẹ̀ lè kọ̀wé sí káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, pé kí wọ́n yẹ ọmọ wò fún EHC plan, ìwé òfin tó ń sọ ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ rí gbà. Kò dìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá fọwọ́ sí i. Káńsù ní ọ̀sẹ̀ 6 láti sọ bóyá wọ́n á ṣe àyẹ̀wò náà, gbogbo rẹ̀ sì yẹ kó parí láàárín ọ̀sẹ̀ 20. Ọ̀pọ̀ káńsù ló ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kí òbí tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà àti déètì tó fi ránṣẹ́. Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn òbí wa máa ń dákẹ́. Olùkọ́ á bi wọ́n bóyá wọ́n ṣàkíyèsí nǹkan kan, wọ́n á ní kò sí wàhálà, nítorí ìtìjú, tàbí nítorí wọ́n gbọ́ pé àwọn òyìnbó á gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ìrànlọ́wọ́ SENCO àti gbígba ọmọ lọ́wọ́ òbí kò sí lójú ọ̀nà kan náà rárá.

Físà náà ń da ọ̀rọ̀ rú. Gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ló ní wákàtí 15 lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, físà yòówù kí òbí ní. Wákàtí 30 tó wà fún àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀: ó kéré tán, ọ̀kan nínú òbí méjèèjì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò ní in, wọn ò sì lè gba DLA, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san nítorí ọmọ tó jẹ́ àkàndá. Àmọ́ SENCO àti EHC plan kò béèrè físà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó ń béèrè.

Lórí èdè, ojú tì wá láti sọ ọ́. EYFS ní kí ilé ẹ̀kọ́ wá ọ̀nà tí ọmọ á fi máa lo èdè ilé rẹ̀ nínú eré àti ẹ̀kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni nílé, bí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ, ìbáwí ni. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣaájú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. Àṣìṣe ńlá ni, àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ẹni tó bá wà ní England, kó kọ ọ̀rọ̀ bíi 10 fún olùtọ́jú ọmọ, kó sì gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù fún un: omi, oúnjẹ, ó ń dùn mí, oorun ń kùn mí, ó tó, mọ́mì ń bọ̀, àti ní pàtàkì jùlọ, mo fẹ́ tọ̀. Bí ọmọ bá sọ èyí tó kẹ́yìn yìí tí kò sẹ́ni tó gbọ́, á tọ̀ sára, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì mọ ilé ìyàgbẹ́ lò. Bí nọ́ọ̀sì bá sì ń béèrè iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀, ẹ ka ti Yorùbá mọ́ ọn.

Fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́? Ní England wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ yẹ ọmọ wò fún un láti bí ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n bí i. Nílé, òbí mìíràn á fi pamọ́ fún ilé ẹ̀kọ́. Níbi méjèèjì, ohun kan náà ló yẹ kó wà lákọsílẹ̀: kí omi má jìnnà sí i, kí wọ́n má dá a dúró bó bá fẹ́ tọ̀, kí òtútù má mú un, kí aṣọ tútù má pẹ́ lára rẹ̀, kí wọ́n sì pe òbí lójú ẹsẹ̀ bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C.

Ohun kan wà tí England kò lè fi òfin ṣe. Nílé, ẹ̀gbọ́n á pọn ọmọ tí kò lè rìn lọ síbi eré, ìyá aládùúgbò á fún un lóúnjẹ láìbéèrè. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń dá a padà. Òfin Nàìjíríà tó ka èyí léèwọ̀ ti wà láti oṣù kìn-ín-ní 2019, ọdún márùn-ún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àtúnṣe àwọn ilé ìlò gbogbogbòò sì ti pé ní 2024. Ẹni tó ní jẹ́lé-ó-sinmi lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu àtẹ̀gùn. Bí ìloro bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí ìdagẹ̀rẹ̀ sìmẹ́ǹtì gùn tó 180, kí ó fẹ̀ tó 120, kí wọ́n má sì dán ojú rẹ̀, nítorí bí òjò bá rọ̀ sí i, yíyọ̀ ni gbogbo ọmọ á máa yọ̀.